Ewúro Òdìkejì Bọ́dà

Bí ẹ bá dé Ayétòrò tí ẹ ń béèrè orúkọ tí wọ́n fi sàmì fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ẹni tí yóò fi ilé mi hàn yín. Ẹ béèrè Ìyá Eléku. Ọlọ́kadà á gbé yín dé ẹnu ọ̀nà, á sì tún kìlọ̀ fún yín pé kí ẹ má bá mi jiyàn. Kì í ṣe pé mo ń ta eku o, bẹ́ẹ̀ ni mi ò dẹ pàkúté rí. Iṣẹ́ láàbù ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ń tọ́jú eku funfun tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí, mo sì ń yọ oje inú ewé tí a fi ń wò ó bóyá ó lè dáàbò bo ọpọlọ nígbà tí ara bá wú, tó gbóná. Àwọn ọmọ ìjọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ìwé mẹ́wàá máa ń wá bi mí pé iṣẹ́ wo ni kí àwọn kọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé tèmi ni kó kọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó kí n sọ bó ṣe rí, kí wọ́n fúnra wọn pinnu.

Mi ò ní pẹ́ lórí bí mo ṣe wọṣẹ́. Mo jáde ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nì, bàbá mi fẹ́ kí n ṣe tíṣà bíi tòun, ilé ìwádìí kékeré kan lẹ́yìn ìlú sì ń wá ẹni tí yóò máa fọ ìgò. Ìgò ni mo mú. Owó oṣù náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń wọlé.

Ọ̀gá Àjàní ni olórí láàbù nígbà náà. Ọmọ Ìpókíá ni, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí kì í pariwo, tí gbogbo wa sì ń bẹ̀rù ju ẹni tó ń pariwo lọ. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mi ò fi fọwọ́ kan ewé kankan. Ìgò ni mo ń fọ̀. Bí mo bá fọ̀ ọ́ tán, á gbé e sókè sí ojú fèrèsé, á da omi sí i, á sì tún dà á nù. Bí omi bá ṣẹ́ kù ní ìkán-ìkán lára ìgò náà, ó ní ó ṣì lọ́ràá, kí n lọ tún un fọ̀. Omi gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lára ìgò tó mọ́. Mo sunkún nídìí páìpù omi yẹn títí, mo sì ń bú u nínú mi pé ọmọ wo ni bàbá yìí lè tọ́ tí kò ní sá fún un.

Òfin rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣeé tẹ̀ nínú wọn. Kò sí lọ́fínńdà ní ilé eku, nítorí imú eku lojú rẹ̀. Kò sí kí o já lu eku láìkí i. O gbọ́dọ̀ rọra sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà kí wọ́n lè mọ̀ pé o ń bọ̀. Títí dòní, bí mo bá fẹ́ wọ yàrá ara mi, mo ṣì máa ń kí i. Ewé tí o bá fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni kí o fi parí rẹ̀, láti ìdí igi kan náà. Èyí tó wá le jù níbẹ̀ ni pé ohunkóhun tó bá wà ní láàbù kò gbọ́dọ̀ kan ètè ẹnikẹ́ni. A ò gbọ́dọ̀ mu omi níbẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀pà, a ò sì gbọ́dọ̀ tọ́ ewé wò, ì báà jẹ́ ewé tí ìyá wa fi ń se ọbẹ̀ nílé.

Lọ́jọ́ kan ó rí èèpo ẹ̀pà kan ṣoṣo nísàlẹ̀ tábìlì mi. Kò bá mi wí. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ júwe ìta fún mi, ó ní kí n máa lọ sílé títí òun yóò fi ránṣẹ́ pè mí. Ìyá mi gbé iṣu lọ bẹ̀ ẹ́. Ó kí ìyá mi dáadáa, ó fún un ní àga, ó sì ní kó gbé iṣu rẹ̀ padà, pé òun ò fẹ́ kí òun gbọ́ lọ́jọ́ kan pé ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ májèlé. Nígbà tí ìyá mi dé, ó ní kí n máa sin ọkùnrin yẹn bíi baba mi. Àwọn àgbà ló ní adánilóró fagbára kọ́ni. Mo tún padà wọlé, mi ò sì jẹ ẹ̀pà níbi iṣẹ́ mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ẹ má rò pé kò ní ojú àánú. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ó wá sí ìsọmọlórúkọ pẹ̀lú páálí kan lábẹ́ apá. Kọ́ọ̀bù onígíláàsì ló wà nínú rẹ̀. Níwájú gbogbo àlejò, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn sójú ìmọ́lẹ̀ kó tó gbé wọn lé mi lọ́wọ́. Ọkọ mi rò pé orí bàbá náà ti yí. Èmi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, nítorí mo mọ̀ pé ó ti fọ gbogbo wọn fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ ewé nígbà yẹn, iṣẹ́ apá ni. A máa ń sá ewé sí ibòji lórí ẹní, nítorí oòrùn a máa pa ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá gbẹ, a ó gún un nínú odó tí iyán kò gbọ́dọ̀ wọ̀ láéláé, a ó kù ú, a ó wá rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì nínú ìgò ńlá, a ó máa mì ín láàárọ̀ àti lálẹ́. Lẹ́yìn náà ni a ó sẹ́ ẹ, a ó gbé oje rẹ̀ sórí omi gbígbóná kí sípíríìtì fò lọ, títí yóò fi kù bí oyin dúdú nísàlẹ̀ abọ́. Ìyẹn ni a ń wọ̀n fún eku. Nígbà tó yá ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kan dé, tó ń yí ìgò po lórí omi gbígbóná, tó sì ń fa sípíríìtì padà sínú ìgò mìíràn. Ọ̀gá Àjàní kò gbà á gbọ́. Ó gbé àpótí tì í, ó jókòó ṣọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ẹni ń ṣọ́ àna tuntun. Ẹ̀rọ ìlọ̀ dé, jẹnẹrétọ̀ dé, lẹ́yìn náà ni pánẹ́ẹ̀lì tó ń fa iná láti ara oòrùn. Apá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Síbẹ̀, mo máa ń ṣàárò orin tí a fi ń gún ewé.

Ọ̀gá Àjàní fẹ̀yìn tì, Ọlọ́run sì pè é lọ sílé. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo di àgbà níbẹ̀, mo sì rò pé mo ti rí gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí lè fi hàn mí kí Múyíbà tó dé.

Ọmọ Ìlaro ni Múyíbà. Ó ń kàwé ní yunifásítì láti di dókítà ti ìwé, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì ní kó ti wá ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Lọ́fínńdà ló kọ́kọ́ wọlé kí òun tó wọlé. Mo dá a padà láti ẹnu ọ̀nà, mo ní kó lọ wẹ̀. Mo ń retí kó fajú ro. Ó lọ wẹ̀, ó padà dé pẹ̀lú ọṣẹ dúdú lẹ́yìn etí, ó ní, “Màmá, ẹ wá gbóòórùn mi wò, kí n má baà tún rìn lẹ́ẹ̀kejì.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ó ní ìdí tó fi yan ọpọlọ. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ibà kan mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ó sì wọ ọpọlọ rẹ̀. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n kò lè fi nǹkan pamọ́ sórí mọ́. Múyíbà tó jẹ́ àbúrò ló wá ń di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ sílé ìwé, tó tún ń dì í mú bọ̀, nítorí bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ ní ìkóríta, kò ní mọ ọ̀nà ilé. Ó ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe àìsàn gan-an ló máa ń ba ọpọlọ jẹ́ nígbà mìíràn. Ọmọ ogun ara fúnra rẹ̀ ni. Ó dà bí ọlọ́dẹ tó wọ ilé láti lé olè, tí kò sì mọ ìgbà tó yẹ kí òun dúró, tó wá ń fọ́ ìkòkò onílé. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ewé kan wà tó lè mú ọlọ́dẹ náà ní sùúrù.

Ewúro ló yàn. Èmi ni mo sì mú un lọ síbi tí ewúro gidi wà, ní ilé ìyá mi, abúlé kan lẹ́yìn Ìlárá, lápá ti ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa mọ̀ pé ààlà la Ìlárá sí méjì, ẹbí wà níhìn-ín, ẹbí wà lọ́hùn-ún. Àbúrò ìyá mi, Tántí Àbẹ̀ní, ló ń gbé ilé náà. Ọgbà ewúro tó yí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ká dàgbà jù mí lọ. Èmi àti Múyíbà fi ọwọ́ ara wa já ewé lọ́jọ́ náà, a kó o wá sí Ayétòrò nínú àpò, a sì sá a fúnra wa. Tántí sin wá títí dé ojú ọ̀nà, ó ń pe Múyíbà ní ìyàwó òun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe dán an wò. A gé táńkì omi ńlá kan sí méjì, a bu omi sí i, a da nǹkan funfun sí omi náà kí eku má lè rí ìsàlẹ̀, a sì fi bíríkì kan pamọ́ sábẹ́ omi. Eku kò fẹ́ràn omi. Bó bá ti rí bíríkì náà lẹ́ẹ̀kan, tó gùn ún, tó sinmi, yóò máa rántí ibẹ̀. A wá fún àwọn kan ní abẹ́rẹ́ oró kòkòrò àìfojúrí tó ti kú, èyí tó ń mú kí ọpọlọ wú. Àwọn wọ̀nyí gbàgbé bíríkì. Wọ́n kàn ń lúwẹ̀ẹ́ yí táńkì ká títí tí a fi ń yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti ń mu oje ewúro ṣáájú abẹ́rẹ́ náà kọrí sí bíríkì tààrà. Nígbà tí a wá wo ọpọlọ wọn, torí pé iṣẹ́ wa kì í parí láìpa eku, ìyẹn ò sì dùn mọ́ mi rí, ìwúwú rẹ̀ kéré gan-an. Múyíbà dì mọ́ mi, ó ń fò sókè. Mo ní kó rọra, àwọn tó kù ń sùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí rẹ̀, ènìyàn jẹ́jẹ́, yọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ oríire lásán, kó tún un ṣe pẹ̀lú eku púpọ̀ sí i. Yunifásítì náà sì ti kìlọ̀ fún Múyíbà pé ó ti pẹ́ jù lẹ́nu ìwé yìí, pé bí kò bá parí nínú ọdún ẹ̀kọ́ tó ń lọ lọ́wọ́, kó gbà pé ó ti parí láìgba oyè. Ewé gbígbẹ tí a ní ti tán. Ìdí igi kan náà ni a sì gbọ́dọ̀ padà sí, a ti ń múra àtilọ sọ́dọ̀ Tántí nígbà tí wọ́n ti bọ́dà pa.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa tì í. Wọ́n tì í rí nígbà ìjọba sójà, tí mo ṣì jẹ́ ọmọge. Ṣùgbọ́n ti ọ̀tẹ̀ yìí le. Kọ́sítọ́ọ̀mù àti sójà wà lójú ọ̀nà láti Ìmẹ̀kọ lọ. Wọ́n ń tú àpò wá ìrẹsì kiri, epo bẹntiróòlù kò dé àwọn ìlú etí bọ́dà mọ́, àwọn tó ń ṣòwò ní Ìdí-Ìrókò sì padà sílé wá jókòó. Ìgbéyàwó ẹbí wa kan wáyé lọ́hùn-ún, fóònù ni a fi bá wọn jó. Eékún mi kò sì gbà kí n máa gba ọ̀nà inú igbó.

Mo bá pe Tántí lórí fóònù. Mo ní ó ti di dandan kó bá wa já ewé náà, kó sì sá a níbẹ̀, nítorí bó bá pẹ́ lọ́nà ní tútù yóò jẹrà. Mo ní kó ṣan eruku ara rẹ̀ kúrò, kó sá a sí ibòji, kí oòrùn àti èéfín má kàn án. Ó ní “dákọ̀, dákọ̀,” pé òun ti gbọ́. Olùkọ́ ìjọ kan tó máa ń ṣe ìsìn lápá méjèèjì Ìlárá ló bá wa gbé e kọjá lórí kẹ̀kẹ́. Nígbà tó dé, ó sọ fún wa bí sójà kan ṣe ṣí àpò náà, tó rí ewé gbígbẹ, tó sì ní igbó ni. Olùkọ́ ìjọ ní ewúro ni. Sójà náà fi ìka mú díẹ̀ sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó ní ẹ̀fọ́ ni lóòótọ́, kò tilẹ̀ korò, kó máa lọ. A rẹ́rìn-ín. A ní ohun tí sójà ń jẹ ní bárékè ti pa ahọ́n rẹ̀.

A lọ ewé náà, a rẹ ẹ́, a yọ oje rẹ̀ bí a ṣe yọ ti àkọ́kọ́. Ó dúdú díẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, a ní bóyá torí òjò tó ń rọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni kò tọ́ ọ wò, òfin Ọ̀gá Àjàní ṣì wà nílẹ̀. Múyíbà fún eku ní oje náà tàdúràtàdúrà. Nígbà tí a kó wọn sínú táńkì, àwọn tó mu ewúro ń lúwẹ̀ẹ́ yíká bí àwọn tí kò mu nǹkan kan. Kò sí ìyàtọ̀. Mo rí i bí Múyíbà ṣe ń yọ wọ́n kúrò nínú omi, tó ń fi aṣọ nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá láti wo èsì náà. Kò pariwo mọ́ ọn. Ó kàn bi í léèrè pé nínú àkọ́kọ́ àti èkejì, èwo ni kí àwọn gbé lọ bá àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń jà ràìnràìn láàárín àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ pé àbí ó jókòó sílé kọ èsì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bó ṣe dùn ún lọ, nítorí èmi ni mo di eku mú, èmi ni mo sì rí wọn. Kì í ṣe ìwé nìkan ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà mọ́. Orúkọ rẹ̀ ni.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ní láàbù. Ó fọ gbogbo ìgò tó lò, ó gbé wọn sójú fèrèsé bí mo ṣe kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá òun pe Tántí, pé òun kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ọpẹ́ kí ni, ọpẹ́ ewé tí kò ṣiṣẹ́? Ó ní, “Màmá, ewé ni kò ṣiṣẹ́. Tántí ṣiṣẹ́.” Ìtìjú mú mi. Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà, èmi tí mo dàgbà ni wọ́n tún ń rán létí. Mo pe nọ́ńbà náà, mo ṣí ohùn rẹ̀ sókè kí àwa méjèèjì lè gbọ́.

Múyíbà kúnlẹ̀ bí ẹni pé Tántí wà níwájú rẹ̀, ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà. Ohùn arúgbó náà dùn.

“Mèsí, ìyàwó mi. Ṣé ẹ gbádùn ẹ̀? Ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo fi iyọ̀ ra á, mo fún un, mo tún fún un, títí omi ẹ̀ fi mọ́ tí kò hó mọ́, kí n tó sá a.”

Múyíbà sún mọ́ fóònù náà.

“Tántí, ẹ fọ̀ ọ́?”

“Ṣé ewúro tó ń korò ni kí n wá fi ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni mí?”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí nílẹ̀ wa. Kò sí obìnrin tó mọ iyì ara rẹ̀ tí yóò gbé ewúro ránṣẹ́ sílé ẹbí láìfọ̀ ọ́, kí ẹni tó gbà á wá bẹ̀rẹ̀ ìyà níbẹ̀. A ní kó ṣan eruku, ó fi ìfẹ́ lé e. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Tántí ṣe jẹ́ iṣẹ́ tiwa. Ó fún gbogbo ìkorò ewé náà sọ nù sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì fi ẹ̀fọ́ ránṣẹ́ sí wa.

Ẹkún ni mo rò pé Múyíbà máa sun. Ó dìde, ó ń rìn yí tábìlì ká. Ó ní bí ewé kan náà, láti ìdí igi kan náà, bá ṣiṣẹ́ nígbà tó korò, tí kò sì ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́, a jẹ́ pé inú ohun tí Tántí dà nù ni agbára rẹ̀ wà. Ó ní òun ì bá máa wá ibẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ó pe Ọ̀jọ̀gbọ́n lójú ẹsẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó tètè lọ wá ewé àìfọ̀, kó sì lò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n fọ̀, kí ayé lè rí méjèèjì pọ̀. Àkókò tó kù tó fún ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní eékún tó bá fẹ́ kọṣẹ́ kó kọṣẹ́. Èmi àti Múyíbà gbé ọkadà láti Ìmẹ̀kọ lọ sí Ìlárá, sójà tú wa wò níbi púpọ̀. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìbátan wa kan tó wà lápá ti Nàìjíríà. Láti ibẹ̀ ni a ti rí Tántí Àbẹ̀ní tó ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti òdìkejì ìlú, igbá ewé tútù lórí, ọ̀pá lọ́wọ́. Ó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí a kí òun tán tó fi kúnlẹ̀ síwájú Múyíbà, àgbà tó tó ìyá rẹ̀ bí, ó ní òun ló ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Múyíbà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin kó tó sọ̀rọ̀ tán. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde, èmi tí eékún ń dùn ni mo wá ń fà wọ́n sókè. A sunkún, a sì rẹ́rìn-ín. Kí a tó lọ, Tántí tún bi mí níkọ̀kọ̀ bóyá ó dá mi lójú pé kí òun má kàn fi omi díẹ̀ ṣàn án.

A kó eku sínú táńkì. Mo kí wọn bí mo ṣe ń ṣe. Àwọn tó mu èyí tí wọ́n fọ̀ ń yíká. Àwọn tó mu èyí tó korò yí orí padà, wọ́n sì lọ tààrà sórí bíríkì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Múyíbà kò fò sókè lọ́tẹ̀ yìí. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì, ó gbé orí lé eékún mi tó ń dùn mí, mi ò sì sọ fún un pé ó ń dùn mí.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu mi purọ́. Eku ni a dán an wò lára. Bí ibà bá mú ọmọ yín tí ọrùn rẹ̀ le tàbí tí kò dá èèyàn mọ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e sáré lọ, ẹ má dúró já ewúro. Láti ara eku dé ara èèyàn, ọ̀nà náà jìn, àwọn tó ń rìn ín kò sì tíì dé. Ìyẹn wà lára ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ lè lo gbogbo ọjọ́ ayé yín lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pe Múyíbà síwájú àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, mo wọ aṣọ ọjọ́ ìsinmi, mo jókòó sẹ́yìn. Wọ́n bi í léèrè títí. Ọ̀kan nínú wọn yìn ín pé ó ní làákàyè láti ronú kan ewé fífọ̀. Ó ní òun kọ́ ni òun ronú kàn án, pé ìyá kan lẹ́yìn Ìlárá ló fọ̀ ọ́ nítorí ìfẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jáde lọ gbìmọ̀, wọ́n sì wọlé padà wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n pè é ní dókítà.

Bọ́dà ṣì wà ní títì. Ìta gbọ̀ngàn náà ni a ti pe Tántí. Múyíbà sọ fún un pé ó ti parí, pé wọ́n ti fún òun ní oyè náà, pé orúkọ òun ti mọ́. Arúgbó náà kọrin ọpẹ́ fún wa lórí fóònù, ó súre títí owó orí fóònù mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló bi wá pé ohun tí a rí nínú ìkorò yẹn, ìgbà wo ni yóò kan èèyàn. Múyíbà sọ òtítọ́ fún un. Ó ní ó ṣì kù púpọ̀, Tántí, ó lè pẹ́.

Tántí ní ó dáa. Ó ní kí a ṣáà máa ṣe é lọ. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àwọn ará ilé rẹ̀ gbọ́.

“Mò ń wo ìyàwó àbígbẹ̀yìn mi láàárọ̀ yìí, ó kúnlẹ̀ kí mi, orúkọ ẹ̀ ò wá sí mi lẹ́nu. Ìyàwó mi, ẹ bá mi yára díẹ̀.”